Ilé ìkàwé gbogbogbòò, ìjọba tiwa-n-tiwa àti òmìnira láti ronú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ló pa ilé ìkàwé àti ìjọba tiwa-n-tiwa pọ̀?

Nínú ìjọba tiwa-n-tiwa, ọwọ́ ará ìlú ni agbára wà. Òun ló ń dìbò, òun ló ń yan aṣòfin, òun náà ló sì lè yọ ọ́ nípò. Ẹni tí irú agbára bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi wádìí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹnu àwọn tó ń wá ìbò rẹ̀ nìkan ni yóò ti máa gbọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ilé ìkàwé gbogbogbòò ni ibi tí ìlú ti fi owó ara rẹ̀ kó ẹjọ́ ọ̀tún àti ti òsì jọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè wọlé wá gbọ́ méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́.

Èrò yìí kò tíì pẹ́ láyé tó bí àwọn kan ṣe rò. Ilé ìkàwé ti wà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àmọ́ ti ọba, ti àlùfáà àti ti ọ̀mọ̀wé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 1833 ni ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Peterborough ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó orí ṣètọ́jú ilé ìkàwé ọ̀fẹ́. Nígbà tó di 1850, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fàyè gba àwọn ìlú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Lára àwọn aṣòfin tó takò ó, ohun tó ń ba àwọn kan lẹ́rù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò sọ ibẹ̀ di ibi ìjíròrò òṣèlú. Wọ́n mọ ohun tí ilé ìkàwé lè ṣe dáadáa, bóyá ju àwọn tó ń tì í lẹ́yìn lọ.

Òmìnira èrò tí wọ́n máa ń sọ yìí, báwo ló ṣe rí nínú ilé ìkàwé?

Ó jẹ́ ẹ̀tọ́ láti wá ìmọ̀ kiri, láti rí i gbà, àti láti rò ó síwá sẹ́yìn láìsí ẹni tó ń ṣọ́ni. Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 kọ ọ́ sí abala 19: ẹnikẹ́ni ló lè wá ìròyìn àti èrò, kó gbà á, kó sì tàn án ká, ibodè orílẹ̀-èdè kankan kò sì gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́. Ní 1949, àjọ UNESCO gbé ìwé ìpolongo jáde lórí ilé ìkàwé gbogbogbòò. Wọ́n tún un ṣe ní 1972, ní 1994 àti ní 2022, pẹ̀lú àjọ IFLA tó kó àwọn ẹgbẹ́ ilé ìkàwé káàkiri àgbáyé jọ. Ìwé náà sọ pé ohun tó wà nínú ilé ìkàwé kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ ìdè àwọn olóṣèlú tàbí ti ẹlẹ́sìn, àwọn oníṣòwò náà kò sì gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀.

Àmọ́ ìwé ìpolongo kọ́ ló ń ṣọ́ ìwé tó wà nílẹ̀. Àwọn ìlànà kéékèèké tí kì í wu èèyàn kà ni òmìnira yìí gbára lé: ta ló ń yan ìwé, kí ni wọ́n máa ń ṣe bí ẹnìkan bá fẹ̀sùn kan ìwé, kí ni kọ̀ǹpútà ń rántí nípa ẹni tó wá yá ìwé. Ibi tí wọ́n bá ti fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú nǹkan wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ńlá ara ògiri kò ní gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mi lórí wọn fi gùn nísàlẹ̀ yìí.

Ta ló ń yan ìwé? Bí wọn kò bá ra ìwé kan, ṣé wọn kò ti fòfin dè é nìyẹn?

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ló ń yàn án, lábẹ́ ìlànà tí ìgbìmọ̀ alábòójútó fọwọ́ sí, tó sì yẹ kó wà lákọsílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ìlànà yẹn ló ń sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò: ṣé àwọn èèyàn ń béèrè ìwé náà, ṣé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ, ṣé apá kejì ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀, ṣé àwọn tó ń sọ èdè kan láàárín ìlú ń rí nǹkan kà. Owó kò tó ra gbogbo ìwé, ààyè kò sì gbà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ yàn.

Lester Asheim, olùkọ́ ìmọ̀ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, la ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1953, mi ò sì tíì rí ẹni tó là á dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń yan ìwé ń wá ìdí tí yóò fi gbà á wọlé, ẹni tó ń de ìwé ń wá ìdí tí yóò fi lé e síta. Bákan náà, kíkó ìwé tó ti gbó kúrò, tàbí èyí tí ìmọ̀ inú rẹ̀ ti di ti àná, kì í ṣe ìdè. Ìwé ìṣègùn tó ti lé ní ogójì ọdún lè ṣe aláìsàn léṣe.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìdè gbangba lọ ni ti òṣìṣẹ́ tó rí orúkọ ìwé kan nínú àwọn tó yẹ kó rà, tó mọ̀ pé àwọn kan yóò pariwo, tó sì fò ó kọjá kí ara lè tù ú. Kò sí ẹni tó fẹ̀sùn kan ìwé náà, kò sí ìpàdé, kò sí ìdájọ́. Ìwé náà kò wọlé rárá, ẹni tí ì bá sì kà á kò ní mọ̀ láéláé pé ohun kan wà tó fo òun dá. S. R. Ranganathan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ òfin márùn-ún fún iṣẹ́ yìí ní 1931. Méjì nínú wọn ni pé gbogbo òǹkàwé ló ní ìwé tirẹ̀, gbogbo ìwé ló sì ní òǹkàwé tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rù ariwo ti ya àwọn méjèèjì kí wọ́n tó pàdé.

Ìwé kan bí mi nínú. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ fẹ̀sùn kàn án. Ẹ̀tọ́ yín ni, òmìnira tó gba ìwé náà láàyè ló gba ẹ̀yin náà láàyè láti sọ pé kò tẹ́ yín lọ́rùn.

Ilé ìkàwé tó létò máa ń ní fọ́ọ̀mù fún un, fọ́ọ̀mù náà sì máa ń béèrè nǹkan pàtó. Ṣé ẹ ka ìwé náà tán? Ojú ewé wo ló ń dùn yín? Kí lẹ rò pé òǹkọ̀wé fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Ṣé ìwé míì wà tó sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí tẹ́ ẹ lè dábàá? Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i? Lójú tèmi, ìbéèrè àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Ojú ewé kan tí wọ́n fà ya kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó yí i ká lè sọ ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ, ó tiẹ̀ lè sọ òdìkejì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ kékeré kan yóò ka ìwé náà látòkèdélẹ̀, wọn yóò fi í wé ìlànà, wọn yóò sì kọ èsì sí yín. Bí èsì náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ alábòójútó. Ní gbogbo àkókò yìí, ìwé náà gbọ́dọ̀ wà níbi tó wà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ra wa létí: bí wọ́n bá ti ń yọ ìwé lọ́jọ́ tí ẹ̀sùn dé, ẹ̀sùn nìkan ti tó láti fòfin de ìwé, ìgbìmọ̀ kò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́.

Àwọn ọmọdé ńkọ́?

Òbí ló ni ìpinnu lórí ohun tí ọmọ tirẹ̀ ń kà. Ìpinnu yẹn kò dé orí ọmọ ẹlòmíì. Apá ibi tí ìwé ọmọdé wà yàtọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ sì mọ ìwé tó bá ọjọ́ orí mu. Òbí tó bá bá ọmọ rẹ̀ wá, tí òun àti ọmọ jọ yan ìwé, ti ṣe ju ohun tí òfin kankan lè bá a ṣe lọ.

Ṣé ó yẹ kí ìwé tó kún fún irọ́ tàbí ìkórìíra wà níbẹ̀?

Wíwà tí ìwé wà nínú ilé ìkàwé kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ẹni tó ń kọ ìtàn ogun nílò ohun tí àwọn tó dá ogun sílẹ̀ fi tan aráàlú jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dá èrò burúkú lóhùn gbọ́dọ̀ mọ bí èrò náà ṣe ń lọ gan-an, kì í ṣe bí ọ̀tá rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ bá ti sọ pé ó lòdì sófin, ilé ìkàwé kì í tọ́jú rẹ̀ fún àyálò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìmọ̀ tó péye lórí kókó kan náà ni òṣìṣẹ́ fi ń dá irọ́ lóhùn: kó rí i pé ìwé tó sọ òtítọ́ wà nílẹ̀, pé ó rọrùn láti rí, pé ó sì pọ̀ tó.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀rọ̀ yẹn rí bẹ́ẹ̀ lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò sì ní sọ pé ìdáhùn ilé ìkàwé ń yára ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí a bá fún ẹnìkan lágbára láti kó irọ́ kúrò, agbára kan náà ni ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ yóò fi kó òtítọ́ kúrò.

Ǹjẹ́ ìjọba lè pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ìwé kúrò?

Wọ́n ti ṣe é nígbà púpọ̀. Ní ìlú Bartlesville ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, wọ́n lé Ruth Brown kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1950 lẹ́yìn tó ti fi bí ọgbọ̀n ọdún ṣe olórí ilé ìkàwé ibẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ní ó ń ti kọ́múníìsì lẹ́yìn ni wọ́n fi kẹ́wọ́. Ohun tó ń bí wọn nínú gan-an ni pé ó ń jà kí àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jẹ́ dọ́gba nínú ìlú. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀ torí ó fi ohun kan hàn wá: ìwé tí wọ́n ń pariwo lé lórí kì í sábà jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wọ́n ń yọ ìwé kúrò nínú àwọn ilé ìkàwé tí Amẹ́ríkà ní lókè òkun, Ààrẹ Eisenhower dìde níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gboyè ní Dartmouth, ó ní kí wọ́n má ṣe dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń dáná sun ìwé, kí wọ́n má sì bẹ̀rù láti wọ ilé ìkàwé kí wọ́n lọ ka ohun tó wà níbẹ̀.

Ilé ẹjọ́ kì í fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ní 1982, nínú ẹjọ́ tó dá lórí ilé ìkàwé ilé ìwé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó dá akẹ́kọ̀ọ́ láre sọ pé àwọn aláṣẹ kò lè yọ ìwé kìkì torí pé èrò inú rẹ̀ kò dùn mọ́ wọn, àmọ́ àwọn adájọ́ náà kò pé iye tí yóò sọ ìdí yẹn di òfin tó dúró digbí. Ní May 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti Texas, Louisiana àti Mississippi gba ọ̀nà míì. Àwọn aráàlú Llano County ní Texas ló pe àwọn aláṣẹ wọn lẹ́jọ́ torí ìwé mẹ́tàdínlógún tí wọ́n yọ kúrò ní ilé ìkàwé gbogbogbòò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ sọ pé ẹ̀tọ́ láti gba ìmọ̀ kò fún òǹkàwé lágbára láti tako yíyọ ìwé. Ní tèmi, ìdájọ́ yẹn kù díẹ̀ káàtó. Bí ìjọba tó wà lórí oyè bá lè kó ohun tí kò bá a lára mu kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, ilé ìkàwé yóò máa yí padà lẹ́yìn ìdìbò kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ibòmíì ti fi òfin ṣe odi. Ìpínlẹ̀ Illinois buwọ́ lu òfin kan ní 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024: ilé ìkàwé tó bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlànà tó tako yíyọ ìwé nítorí pé ó tako èrò ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn kan. Ilé ìkàwé Brooklyn ní New York sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Amẹ́ríkà ní káàdì ọ̀fẹ́ láti 2022, kí wọ́n lè yá ìwé orí ẹ̀rọ bí wọ́n bá ti fòfin dè é nílùú wọn.

Ṣé ilé ìkàwé lè sọ ohun tí mo kà fún ọlọ́pàá?

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá dá ìwé padà. Òṣìṣẹ́ na ẹ̀rọ sí àmì tó wà lẹ́yìn ìwé, ó dún. Lójú ẹsẹ̀, níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́, kọ̀ǹpútà pa orúkọ yín rẹ́ kúrò lára ìwé náà. Ó ṣì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yá a, kò mọ ẹni tó yá a mọ́. Láyé àtijọ́, káàdì ẹ̀yìn ìwé máa ń gbé orúkọ ẹni tó ti yá ìwé rí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ló lè kà wọ́n. Ohun tí a kò tọ́jú, ẹnikẹ́ni kò lè fipá gbà á lọ́wọ́ wa: èrò tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ro ti obìnrin tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ilé ọkọ tó ń lù ú sílẹ̀. Ẹ ro ti ọ̀dọ́ tó ń ṣiyèméjì nípa ẹ̀sìn tí wọ́n bí i sí, tàbí ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ ka ohun tí àwọn alátakò ń sọ. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹnìkan ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọn kò ní béèrè. Kò sẹ́ni tó ní láti fòfin de ìwé nírú ibẹ̀. Ìbẹ̀rù ti ṣe iṣẹ́ òfin.

Àwọn aláṣẹ sì ti gbìyànjú rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1989, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ń wọ àwọn ilé ìkàwé kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ní kí òṣìṣẹ́ máa sọ fún wọn nípa ohun tí àwọn ará Soviet Union àti àwọn alájọṣe wọn ń kà. Ọ̀rọ̀ náà tú síta ní 1987. Ní 2005, wọ́n tún mú ìwé àṣẹ lọ bá àjọ kan tó so kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìkàwé pọ̀ ní Connecticut. Ìwé náà fi òfin gbé wọn lẹ́nu dè: wọn kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn gbà á. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin kọ̀, wọ́n gbà ilé ẹjọ́ lọ láìdárúkọ ara wọn. Lákòókò yẹn gan-an ni àwọn aṣòfin ń jiyàn bóyá kí òfin tó fàyè gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ máa bá iṣẹ́ lọ, àwọn mẹ́rin tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò sì lè la ẹnu wọn. Ọdún 2006 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn aṣòfin ti dìbò tán lórí òfin náà.

Bẹ́ẹ̀ ni, bí adájọ́ bá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tó bófin mu, ilé ìkàwé yóò gbọ́ràn. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì kọ́ ni yóò pinnu ìyẹn, ọ̀gá àti agbẹjọ́rò ni. Ọlọ́pàá tó kàn wọlé tó sì béèrè lẹ́nu lásán kò ní rí nǹkan gbà.

Ṣé gbogbo èèyàn ni ilé ìkàwé máa ń gbà wọlé lóòótọ́?

Kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí a bo ìtàn yẹn mọ́lẹ̀. Ní June 1939, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ilé ìkàwé wọn, èyí tí ilé ìkàwé ìlú Des Moines ti kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún tó ṣáájú. Ní August ọdún 1939 kan náà, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú márùn-ún wọ ilé ìkàwé ìlú Alexandria ní Virginia lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ béèrè káàdì, wọ́n ní kò lè gbà á. Ó mú ìwé kan, ó jókòó, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹnì kejì wọlé, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó jókòó sí tábìlì míì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi pé márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè. Ọlọ́pàá wá kó wọn. Samuel Tucker, amòfin ọ̀dọ́ tó ṣètò rẹ̀, ló gba ẹjọ́ wọn rò. Kàkà kí ìlú náà ṣílẹ̀kùn, ńṣe ni wọ́n kọ́ ilé ìkàwé kékeré míì fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1940. Wọ́n fún Tucker ní káàdì ibẹ̀, ó kọ̀ ọ́.

Ní March 1961, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án láti Tougaloo College ní Mississippi kọ́kọ́ lọ sí ilé ìkàwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Jackson, wọ́n béèrè àwọn ìwé tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí ilé ìkàwé àwọn aláwọ̀ funfun láti lọ béèrè wọn. Wọ́n mú wọn. Ìtanràn 100 dọ́là ni wọ́n bù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ó jókòó kàwé. Ọdún 1961 yẹn náà ni ìwé ẹ̀tọ́ ilé ìkàwé tó wá sọ ọ́ ní kedere pé ẹ̀yà èèyàn kò gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́ láti lo ilé ìkàwé.

Ẹnu ọ̀nà ṣì ń ti mọ́ àwọn míì lónìí láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò ní ilé kò ní àdírẹ́sì tí yóò fi gba káàdì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ máa ń bá a ní títì. Ìtanràn ìwé tó pẹ́ kó tó dé máa ń lé àwọn ọmọ tálákà lọ jù, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ti pa á rẹ́ nítorí ìyẹn. Fún àwọn tó jìnnà, Mary Titcomb ní Maryland ti fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé ìwé lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko láti 1905. Fún àwọn afọ́jú àti àwọn tí kò ríran dáadáa, ìwé àdéhùn Marrakesh ti 2013 fàyè gba kí wọ́n sọ ìwé di èyí tí wọ́n lè fọwọ́ kà tàbí kí wọ́n gbọ́, kí ó sì ti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn.

Kí ló dé tí àwọn ajagun fi ń dáná sun ilé ìkàwé?

Torí pé wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní May 1933, àwọn alátìlẹ́yìn Hitler dáná sun nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìwé ní gbàgede kan ní Berlin. Ní 1981, iná jó ilé ìkàwé Jaffna ní Sri Lanka, ìwé bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló sì bá a lọ, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ èdè Tamil tí kò ní ẹ̀dà kejì. Ní August 1992, àwọn tó dó ti Sarajevo yìnbọn lu ilé ìkàwé ìjọba ibẹ̀ títí ó fi jóná. Ẹ̀yà tí ìwé rẹ̀ bá ti jóná, ẹnikẹ́ni lè dìde lọ́la kó sọ pé wọn kò sí níbẹ̀ rí.

Àwọn aráàlú náà mọ̀ ọ́n. Ní Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Mali, nígbà tí àwọn ajagun gba ìlú ní 2012, Abdel Kader Haidara àti àwọn tó bá a ṣe é kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ sínú àpótí irin, wọ́n fi mọ́tò àti ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Bamako. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, nígbà ìfẹ̀hónúhàn ní Íjíbítì, àwọn ọ̀dọ́ di ọwọ́ ara wọn mú yí ilé ìkàwé ńlá Alẹkisáńdíríà ká kí ẹnikẹ́ni má bàa bà á jẹ́.

Gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí la tún ń wá lọ sí ilé ìkàwé?

Gbogbo nǹkan kò sí níbẹ̀, ohun tó sì wà níbẹ̀ kì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń bá yín wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ wá, ó ń fi í ta ìpolówó fún oníṣòwò, ohun tó sì máa dá yín dúró pẹ́ ló ń gbé síwájú yín. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kò ní èrè kankan nínú bí ẹ ṣe pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà tí ilé ìkàwé nìkan ni wọ́n ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò láti kọ̀wé wáṣẹ́ tàbí láti gba ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ ìjọba.

Ìwé orí ẹ̀rọ ní wàhálà tirẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà mọ̀. Ìwé tí ilé ìkàwé bá fowó rà jẹ́ tirẹ̀ títí ayé. Ti orí ẹ̀rọ, àṣẹ láti yá a jáde nìkan ló sábà máa ń rà, àṣẹ náà sì lè parí lẹ́yìn ọdún méjì. Ní 2019, ilé ìtẹ̀wé Macmillan sọ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni òun yóò máa tà fún ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí ìwé bá jáde. Àwọn ilé ìkàwé fárí gá, ilé iṣẹ́ náà sì yí i padà ní March 2020.

Nígbà ìdìbò, ipa wo ni ilé ìkàwé ń kó? Ṣé kì í gbè sẹ́yìn ẹnìkan?

Kò gbọ́dọ̀ gbè. Ó lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀, kó tẹ́ ìwé ètò ẹgbẹ́ gbogbo sílẹ̀, kó gbàlejò ìpàdé ìta gbangba tí gbogbo olùdíje ti lè sọ̀rọ̀. Yàrá ìpàdé rẹ̀, ìlànà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ẹgbẹ́: bí ẹgbẹ́ kan bá lè gbà á, ẹgbẹ́ tó kórìíra rẹ̀ náà lè gbà á. Nílẹ̀ Finland, òfin ilé ìkàwé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017 dárúkọ ìjọba tiwa-n-tiwa àti òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé. Ilé ìkàwé Oodi tí wọ́n ṣí ní Helsinki ní December 2018 sì kọjú sí ilé aṣòfin tààrà.

Àìgbè yìí kì í ṣe kí ilé ìkàwé káwọ́ gbera nígbà tí ìlú bá ń gbóná. Ní Ferguson ní Amẹ́ríkà, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní 2014 tí àwọn ilé ìwé ti ilẹ̀kùn, ilé ìkàwé ìlú náà kò tì. Àwọn olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ láti kàwé.

Ta ló ń sanwó rẹ̀, ṣé olówó kò ní di ọ̀gá?

Owó orí ni, ìdí sì wà fún un. Andrew Carnegie fi owó rẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé 2,509 káàkiri àgbáyé, àmọ́ ó máa ń béèrè pé kí ìlú fún un ní ilẹ̀, kí ìlú sì ṣèlérí láti máa ná ìdá mẹ́wàá owó náà lé e lórí lọ́dọọdún. Ohun tí ìlú ń sanwó fún ni ìlú yóò máa bójú tó. Láti yẹra fún ọwọ́ olóṣèlú, ọ̀pọ̀ ibi fi ìgbìmọ̀ alábòójútó sáàárín ìjọba àti ilé ìkàwé. Bí ìgbìmọ̀ yẹn bá dára, bí kò bá dára, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń yí padà, ìjókòó rẹ̀ sì máa ń ṣófo torí pé àwọn aráàlú kì í lọ.

Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ gba káàdì, kẹ́ ẹ sì máa lò ó, torí iye ìwé tí wọ́n yá ni wọ́n fi ń gbèjà owó ilé ìkàwé nígbà ìṣúná. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlànà yíyan ìwé hàn yín. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ìwé, bóyá ìwé máa ń wà níbi tó wà títí ìdájọ́ yóò fi jáde. Ẹ bi wọ́n léèrè bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí kọ̀ǹpútà wọn tó pa orúkọ ẹni tó dá ìwé padà rẹ́. Bí òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó bá yín béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ọ̀gá náà bá sọ pé kò sí ìlànà kankan lórí rẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ alábòójútó yóò tún jókòó, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé kí wọ́n fi sí ara ohun tí wọ́n máa jíròrò.